Irin Inú Òpó Ilé Wa

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì ń fetí sí ìró bàtà yín lẹ́yìn ìrun Alásárì,

Mo kí yín láti ilé, ní Dichemso, Kumasi. Ara gbogbo wa le, a dúpẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀fọn sì ti pọ̀. Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí, kì í ṣe Twi, nítorí mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ń sọ pé Yorùbá èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń tiro, pé Twi ti gún un lẹ́sẹ̀. Ibi tó bá ti tiro, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dì í mú.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò rí alààyè tí mo lè bi. Mo ti gbìyànjú. Gbogbo ẹni tí mo bi ló kọ́kọ́ bi èmi náà pé kí ló dé tí mo fi ń béèrè. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìfura. Bí ẹ bá ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín jù nígbà tó ń kí yín, ẹ máa ń rọra sọ ọ́ sí mi létí pé páńsá ò fura, páńsá já síná; àjà ò fura, àjà jìn. Mo gbà á, mo fi ṣe ìwà. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá fi ojú tí ẹ fún mi yẹn wo ẹ̀yin gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Accra ló ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ síbi ìkómọ nílé àwọn ẹbí Ìyá mi, ní òwúrọ̀ Sátidé kan. A jókòó lórí ẹní, àlùfáà ń ṣàdúrà sí ọmọ náà lórí, ni àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù bá bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn. Mo rò pé ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kọjá. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ tí mo jókòó lé yẹ̀ lábẹ́ mi. Ó yẹ̀ díẹ̀, ó sì padà, bí ìgbà tí ènìyàn jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi tí ẹlòmíì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wọlé sí i. Kí àlùfáà tó parí ẹsẹ Kùránì tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti tán. Kò sẹ́ni tó farapa. Àwọn obìnrin tó ti sá dé àgbàlá padà wọlé, wọ́n ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wá gèlè wọn. Àlùfáà ní Sùbúhánálláhì, ó ń bá àdúrà rẹ̀ lọ. Ọmọ náà ò tilẹ̀ jí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni èmi jókòó sí títí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá.

Èmi tí mo ń fi nǹkan yìí jẹun. Ẹ mọ̀ pé jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé. Tí mo bá dé orí ìmìtìtì ilẹ̀, ẹ̀yin ni mo máa ń rántí, ẹ̀yin àti obì àbàtà tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí yín láti Ìlọrin, nítorí ẹ ní gbànja Kumasi ò ní awẹ́ tó bó ṣe yẹ. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé èèpo ayé kì í ṣe ẹyọ kan. Awẹ́ awẹ́ ni, bí obì. Àwọn awẹ́ yìí jókòó lórí ohun gbígbóná tó ń rọra yí nísàlẹ̀, wọ́n sì ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbín pàápàá á sáré kọjá wọn. Níbi tí méjì bá ti ń ha ara wọn, wọ́n lè há fún ọdún gbọọrọ, kí agbára máa kóra jọ síbẹ̀, títí ọjọ́ tí wọ́n á já gbà. Jíjá gbà yẹn ló ń mi ìlú, tó ń wó ilé, tó sì ń ru omi òkun sókè. Awẹ́ tiwa, ti Áfíríkà, tóbi. Etí rẹ̀ kan wà láàárín òkun ńlá, òmíì wà lọ́hùn-ún níbi Òkun Pupa, òmíì lókè níhà àríwá. Inú rẹ̀ ni Ghana wà, ó jìnnà sí gbogbo etí. Ṣùgbọ́n inú náà ní ojú ọgbẹ́ àtijọ́, tó ṣì máa ń fà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà ní apá Accra, láti òkè Akwapim títí dé etí òkun. Kumasi jìnnà sí i.

Mo ti kọ gbogbo èyí sójú pátákó láìmọye ìgbà, mo ti fi dọ́sítà nù ún. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ lè yẹ̀ lábẹ́ èmi alára.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí mo dé ẹnu géètì wa, mo dúró. Mo wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iwájú bí àlejò ṣe máa wò ó. Òpó kan wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Maame Akosua, ayálégbé wa, gbé mẹ́ṣíìnì ìránṣọ wọn sí. Láti ìdí òpó yẹn, ìlà kan là gòkè, ó yí bí ejò, ó sì dé abẹ́ dẹ́kìn. Èékánná ọwọ́ mi wọ inú rẹ̀. Ìgbà wo ló ti wà níbẹ̀? Mò ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Lẹ́bàá ibẹ̀ gan-an ni búlọ́ọ̀kù tuntun tí Bùràímọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kó wá wà, wọ́n tò ó ga jù mí lọ. Ó fẹ́ gbé àjà kẹta lé ilé náà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè wá gba yàrá.

Mo lọ pè é.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo òpó yìí.”

Ó wò ó bí ẹni ń wo bàtà ẹlòmíì. “Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ló ń bó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

“Ilẹ̀ mì ní Accra ní Sátidé. Mo wà níbẹ̀.”

“Accra nìyẹn. Kumasi no dey for that side. Ìwọ fúnra rẹ lo ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀.”

Ó yára dáhùn jù, Bàbá. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ta sí mi lára. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọ̀dà tuntun wà lára òpó yẹn, ní ìhà tó kọjú sí ìta. Òpó tó kù ò ní ọ̀dà tuntun. Ta ló ń kun òpó kan ṣoṣo, bí kò bá sí ohun tó fẹ́ bò? Mo bi í pé ọwọ́ ta ló ti ra irin tó fi tún àtẹ̀gùn ṣe lẹ́yìn ikú yín. Ó ní òun ò rántí mọ́. Bùràímọ̀ yìí náà ni, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní ọjà Race Course, tó lè sọ ọwọ́ ẹni tó ti ra ìṣó kan ní ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Mò ń wo ẹni tó ń pè é lórí fóònù, mò ń wo bó ṣe ń bá oníbúlọ́ọ̀kù sọ̀rọ̀. Òun náà ń ṣọ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ rọra sọ ọ́ sí mi létí pé ọkọ òun gbà pé ọkọ tèmi ló ń tì mí, pé a fẹ́ dẹ́rù ba àwọn ayálégbé kí wọ́n kó jáde, kí a sì ta ilé. A ṣì ń jẹun pọ̀ nínú abọ́ kan ní ọjọ́ Jímọ̀ bí ẹ ṣe fi lélẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n kálukú ń wo ọwọ́ ẹnì kejì.

Nígbà tí mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́, mo pe Abena. Ẹ lè má rántí rẹ̀. Ọmọ tí mo kọ́ ni, ó ti di ẹnjiníà ilé kíkọ́ báyìí, òun àti akoto pupa rẹ̀ kì í ya ara wọn. Ọ̀sán Jímọ̀ ni mo ní kó wá, nígbà tí Bùràímọ̀ á ti wà ní mọ́sáláṣí. Ó mú òòlù kékeré kan dání. Ó gun òkè lọ, ó ń kan ògiri, ó ń tẹ́tí. Ó wo àtẹ̀gùn tí mo ń fura sí, ó ní irin inú rẹ̀ dára, ẹni tó ṣe é ò rẹ́ni jẹ. Ìtìjú díẹ̀ mú mi. Ó wá sọ̀ kalẹ̀, ó kan òpó ìsàlẹ̀, ni ojú rẹ̀ bá yí padà. Ó tún un kàn. Ìró rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń kan igbá.

“Madam, ṣé mo lè ṣí i díẹ̀?”

Mo ní kó ṣí i. Maame Akosua gbé mẹ́ṣíìnì wọn sún, wọ́n fi aṣọ bo ẹnu nítorí eruku. Èèpo sìmẹ́ǹtì já bọ́ sílẹ̀, yanrìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ó ń fọ́ lọ́wọ́. A wá rí irin. Bàbá, kò nípọn ju irin tí àwọn ọmọ àdúgbò Alabar fi ń sun tsire, ẹran súyà, lọ. Méjì ló wà níbi tó yẹ kí mẹ́rin wà, ó ti dípẹtà, ìpẹtà náà ń dà sílẹ̀ bí ata gígún.

Ẹnu ibẹ̀ la wà tí Bùràímọ̀ fi wọlé nínú jálábíà funfun, ṣálúbàtà rẹ̀ ṣì kún fún eruku Jímọ̀. Ó rí òòlù, ó rí ihò.

“O dúró dè mí kí n lọ kírun kí o tó fọ́ ilé Bàbá.”

“Ẹ wò ó ná, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó bínú.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ inú ihò náà. Ó yọ ọ́, ó wo pupa tó wà lórí ìka rẹ̀, ó sì fi àtàǹpàkò ra á. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo.

“Èmi kọ́ ni mo kọ́ ìsàlẹ̀. Mi ò tíì máa wọ ṣòkòtò nígbà tí wọ́n kọ́ ìsàlẹ̀. Bàbá ló kọ́ èyí.”

Abena ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwa méjèèjì, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó ní kò dìgbà tí ilẹ̀ bá mì ní Kumasi kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí tó wó. Omi òjò tó ń gba abẹ́ rẹ̀ lè wó o, akẹ́rù tó ń kọjá lè wó o, ìwọ̀n ohun tó wà lórí rẹ̀ nìkan pàápàá lè wó o. Ó ní ohun tí àwọn ènìyàn ò fẹ́ gbọ́ nìyí. Ilẹ̀ kan náà lè mì lábẹ́ ìlú méjì bákan náà, kí ife kan fọ́ nínú ọ̀kan, kí wọ́n máa gbẹ́ sàárè ọlọ́pọ̀ ènìyàn nínú ìkejì. Ohun tó wà nínú òpó, àti ẹni tí wọ́n fi sùn lábẹ́ rẹ̀, ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ní tí a bá gbé àjà kẹta lé e, òun ò ní wọ géètì yìí wá kí mi mọ́.

Ó wá bi wá pé àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló dá a lóhùn. Tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ wà lókè, pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Kejetia. Maame Akosua wà nísàlẹ̀, yàrá àti ìsọ̀ ìránṣọ wọn, láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti wà lọ́mọdé.

“Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

“Ẹ̀yìn là ń gbé,” ni Bùràímọ̀ wí.

Mo lọ rí Bàbá Sálíù ní Alabar. Mi ò tíì lọ láti ìgbà ìsìnkú yín. Ẹ̀yin àti àwọn lẹ jọ ń ta abọ́ tánganran, ẹ̀yin lẹ sì máa ń sọ pé bí a bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú yín, kí a lọ gbọn Sálíù yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, ojú kan ti fọ́. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún yín, wọ́n ní kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ yín. Wọ́n béèrè àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ irin, etí wọn di lójijì.

“Ẹ fẹ́ ta ilé ni?”

“Rárá, Bàbá.”

“Ta ló rán ẹ? Bùràímọ̀ ni, àbí ọkọ rẹ?”

“Òpó ilé ló rán mi, Bàbá. Ó ti là.”

Wọ́n ní kí n wọlé, kí n fa kọ́tìnnì. Nígbà náà ni wọ́n tó sọ ọ́. Wọ́n sọ nípa ọdún tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àlejò máa lọ, tí ẹ kó ẹrù sórí ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Ìlọrin, ìlú tí ẹ ò dé rí láyé yín, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi Yorùbá yín ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní ẹ ò lè gbé e, ẹ padà wá, ẹ sì bá ẹlòmíì nínú ilé tí ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ búra pé ẹ máa kọ́ òmíì ní kíá, kí ẹnikẹ́ni tó tún yí ọkàn padà. Ìgbà yẹn, kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí irin ní gbogbo Ghana, ọṣẹ ìfọṣọ pàápàá, orí ìlà ni wọ́n ti ń rà á. Irin tí ẹ rí ni ẹ rà, wọ́n yọ ọ́ lára ilé ìkẹ́rù kan tó ti wó.

“Ilé ilẹ̀ la kọ́,” ni Bàbá Sálíù wí. “Irin yẹn tó ilé ilẹ̀. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ gbé òkè lé e. Mo sọ fún un. Mo ní, ọ̀rẹ́, ẹsẹ̀ yìí ò lè gbé orí yìí. Ó ní Ọlọ́hun á gbé e.”

“Ó gbàgbé ni, àbí ó mọ̀?”

“Bí ó ṣe gbé e lé e tán lẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ó mọ̀. Ìdí tó fi kó yín lọ sí ẹ̀yìn nìyẹn.”

Bàbá, mi ò rántí bí mo ṣe délé.

A rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Gbogbo onílé ní Dichemso ló ń gbé iwájú, lókè, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, tí wọ́n ń fi yàrá ẹ̀yìn háyà. Ẹ̀yin nìkan lẹ kó aya àti ọmọ sínú yàrá ilẹ̀ lẹ́bàá ilé ìdáná, tí ẹ fi iwájú fún ayálégbé. Mo ti fi í yangàn nílé ìwé, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé bàbá mi ò fẹ́ràn ipò gíga. Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gún fufu lókè, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ wá gún un ní àgbàlá. A rò pé ariwo lẹ kórìíra. Ẹ kọ̀ kí wọ́n gbé tánkì omi sórí dẹ́kìn, ẹ ní omi tó bá ga kì í tutù. A rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni. Tí akẹ́rù bá ń kọjá ní títì, ẹ máa ń dá tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́, ẹ máa gbé orí sókè, ẹ máa dúró títí ìró rẹ̀ á fi lọ. Ìyá mi máa ń bi yín pé ta lẹ̀ ń retí. Kí lẹ̀ ń retí, Bàbá? Ọdún mélòó lẹ fi retí rẹ̀?

Tí òjò bá dá, ẹ máa ń jáde pẹ̀lú ọ̀pá, ẹ máa ń yí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ká, ẹ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ òpó bí ẹni ń wo ara ọmọ tó ní ibà. Ṣé ẹ ń bẹ̀ ẹ́ ni? Ṣé ọjọ́ tí ìbẹ̀rù bá pọ̀ jù, ẹ ò ronú pé kí ẹ wó o? Àbí owó háyà tí ẹ fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tíṣà ni kò jẹ́? Àwọn wo lẹ rò pé ọmọ wọn kéré sí ọmọ yín? Mo ti wá ìdáhùn tó dára sí ìbéèrè yìí fún yín, nítorí mo fẹ́ràn yín, mi ò sì tíì rí i.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bùràímọ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó lórí táyà kan. Mo bi í nípa ọ̀dà ara òpó. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ó ní Maame Akosua ló ní kí òun kùn ún, kí àwọn oníbàárà wọn lè máa dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò aṣọ tí wọ́n bá rán.

“Ìyẹn lo fi ń wò mí láti ọjọ́ yìí.”

“Ẹ̀yin náà ń wò mí.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà ò dùn. A jọ gbà pé a máa gbé òkè kúrò lórí ìsàlẹ̀, kí Abena sì mú àwọn oníṣẹ́ wá fi irin gidi gbá àwọn òpó náà mú. Búlọ́ọ̀kù àjà kẹta ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó kó o wá. Lórí ohun kan la ò fẹnu kò. Bùràímọ̀ fẹ́ kí a sọ fún àwọn ayálégbé pé àtúnṣe lásán ni. Ó ní orúkọ yín ni, pé yàtọ̀ sí orúkọ, kí lọmọ Yorùbá ní ní Kumasi? Mo ní kí a sọ fún wọn pé ilé ò lágbára, ká má sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn ò bá béèrè. Ohun tí a ṣe nìyẹn. Tọkọtaya náà kó lọ sílé ìyá obìnrin. Ọkùnrin aláṣọ bú wa díẹ̀, ó sì kó lọ. Wọn ò béèrè ẹni tó mọ̀.

Maame Akosua nìkan ló béèrè. Ọ̀sán ni, a ti gbé mẹ́ṣíìnì wọn wá sí yàrá ẹ̀yìn, mò ń bá wọn ká aṣọ sínú àpótí. Twi ni wọ́n fi bi mí, wọ́n pè yín ní Agya, bàbá, bí wọ́n ṣe máa ń pè yín láyé àtijọ́.

“Agya, ṣé ó mọ̀?”

Mo lè parọ́. Bùràímọ̀ ì bá ti parọ́, kì bá sì burú. Mo ní, “Ó mọ̀, Maame.”

Ẹsẹ̀ wọn kúrò lórí mẹ́ṣíìnì. Wọ́n na etí aṣọ tó wà níwájú wọn, wọ́n tún un nà. Ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn ní ilé yìí, wọ́n tọ́ ọmọ márùn-ún lábẹ́ dẹ́kìn yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni mo máa ń pọ̀n lọ ra kókó, ẹ̀kọ mímu. Mò ń retí ohun tí wọ́n máa sọ, mo sì ti gbà pé ohunkóhun tí wọ́n bá sọ tọ́ sí wa.

“Mo mọ̀ pé ó mọ̀,” ni wọ́n wí. “Ó sọ fún mi. Ramadan tó lò kẹ́yìn yẹn, ó pè mí wọlé, ó ní òpó yìí ò dára, ó ní kí n wá gba yàrá kan lẹ́yìn. Mo kọ̀. Mo ní oníbàárà ò ní rí mi níbẹ̀. Èmi ni mo kọ̀, ọmọ mi. Máà jẹ́ kó jẹ ọ́ lọ́kàn.”

Wọ́n gbé ẹsẹ̀ padà sórí mẹ́ṣíìnì, wọ́n ń rán aṣọ lọ. Mo ní medaase, ẹ ṣeun, Maame. Mo mú aṣọ tó kàn, mo ń ká a.

Ṣùgbọ́n, Bàbá, mo wà níbẹ̀ ní Ramadan yẹn. Àìsàn ti mú ẹ̀gbẹ́ kan ara yín, ọ̀rọ̀ sì ti kúrò lẹ́nu yín pátápátá kí oṣù tó lé. Ṣíbí ni mo fi ń fún yín ní kókó. Ohun tí ẹ fẹ́, ojú lẹ fi ń sọ ọ́. Ẹ ò lè pe orúkọ mi. Báwo lẹ ṣe pe Maame Akosua wọlé, tí ẹ sọ fún wọn pé òpó ò dára?

Ó lè jẹ́ pé Ramadan ti ọdún tó ṣáájú ni, tí àgbà sì da ọdún pọ̀ mọ́ra wọn. Ó lè jẹ́ pé mo wà nílé ìwé, tí ẹ sì fi ọwọ́ òsì yín tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tọ́ka sí òpó, tí ẹ wá tọ́ka sí yàrá ẹ̀yìn, tí ó sì yé wọn. Ó sì lè jẹ́ pé obìnrin kan tí a fi sí abẹ́ ewu láti ìgbà èwe rẹ̀ jókòó síwájú ọmọ ẹni tó fi í síbẹ̀, ó rí ojú ọmọ náà, ó sì pa irọ́ kan fún un kó lè rí oorun sùn. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn láti béèrè, mo sì ti padà. Wọ́n á sọ òótọ́ bí mo bá tẹ̀ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní tẹ̀ wọ́n.

Ìfura mi dúró síbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mi ò fẹ́ mọ̀. Bí ẹ bá sọ fún wọn, Bàbá, ẹ ṣeun. Bí ẹ ò bá sọ fún wọn, ẹ wá nǹkan ṣe níbi tí ẹ wà, ẹ bẹ Ọlọ́hun fún Maame Akosua, nítorí gbèsè oore tí wọ́n jẹ́ kí a jẹ wọ́n, èmi àti Bùràímọ̀ ò lè san án tán.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó ń bá yín jà lọ́kàn láti àárọ̀, tó sì ń tọrọ àforíjìn fún yín lẹ́yìn gbogbo ìrun.